Ìkòkò kan, ọmọ méjì: àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ nípa ìwọ̀n oúnjẹ ọmọdé

Ọ̀rọ̀ àbúrò ló gbé ìyá wọn wá sọ́dọ̀ èmi nọ́ọ̀sì, kì í ṣe ti ẹ̀gbọ́n. Ọmọkùnrin olóṣù 14 ni, wọ́n sì ti kọ ọ́ sínú káàdì rẹ̀ pé kò wúwo sí i láti oṣù méjì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún 6, kàn bá wọn wá ni, torí kò sẹ́ni tí wọ́n lè fi í tì. Ó jókòó jẹ́jẹ́, ó ń jẹ bisikíìtì. Ìyá nawọ́ sí i, ó ní, "Ẹ wo èyí, òun ń jẹun ní tiẹ̀. Àwo tí a bá gbé fún un, ó ń jẹ ẹ́ mọ́ ni. Àbúrò rẹ̀ ni mi ò mọ ohun tó ń ṣe é. Òun náà sì ń mu ife ńlá tán."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Àwo kan ń mọ́, ife kan ń gbẹ, síbẹ̀ ọmọ kan ń rù. Mi ò tíì wo ẹ̀gbọ́n dáadáa nígbà yẹn.

Nínú àkọsílẹ̀ yìí, Ẹ̀gbọ́n àti Àbúrò ni n óò máa pe àwọn ọmọ náà. Mo ti yọ gbogbo ohun tó lè fi ìdílé wọn hàn.

Ohun tí òṣùwọ̀n sọ

Àbúrò wọn kílò 8.6, gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 76. Lórí àtẹ ìdàgbàsókè tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2006, ọmọkùnrin olóṣù 14 tó wà lórí ìlà àárín máa ń wọn nǹkan bíi kílò 10. Àbúrò wà láàárín ìlà kìíní àti ìkejì nísàlẹ̀ àárín. Ibi tó wà yẹn kọ́ ló dẹ́rù bà mí. Ohun tó dẹ́rù bà mí ni pé ìlà tirẹ̀ ti dùbúlẹ̀: àmì mẹ́ta tò tẹ̀lé ara wọn, kò sí èyí tó gòkè. A fi tépù wọn apá rẹ̀ lókè, ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 13.2. Tó bá ti wọ ìsàlẹ̀ 12.5 ni a ó sọ pé àìjẹunkánú ti mú un, nítorí náà àyè ṣì wà. Kò ní ibà, kò ya ìgbẹ́ gbuuru, ó ń mu ọmú dáadáa, ara rẹ̀ sì jí pépé.

Mo ní kí Ẹ̀gbọ́n náà gun òṣùwọ̀n. Ìyá rẹ́rìn-ín, ó rò pé mo fẹ́ fi bá ọmọ náà ṣeré ni. Kílò 26, gíga sẹ̀ǹtímítà 117. Bí a bá pín kílò yẹn sí gíga rẹ̀ ní mítà, tí a tún pín èsì náà sí gíga rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, a ó rí 19. Òun ni wọ́n ń pè ní BMI. Fún ọmọbìnrin ọdún 6, nǹkan bíi 15.3 ló wà ní àárín. Tó bá ti kọjá 17, ọmọ náà ti wúwo ju bó ṣe yẹ. Tó bá kọjá 19.2, ó ti di sísanra àsanjù. Díẹ̀ báyìí ló kù kí Ẹ̀gbọ́n dé ibẹ̀.

Ẹ̀rín ìyá tán. "Ṣé ẹ ń sọ pé ọmọ mi ń jẹ àjẹkì ni?" Mo ní mi ò tíì mọ ohun tó ń jẹ rárá, àti pé òun gan-an ni mo fẹ́ mọ̀. Mo yá a ní òṣùwọ̀n ilé ìdáná kékeré, mo ní kó máa wọn ohun tí wọ́n bá bù fún àwọn méjèèjì fún ọjọ́ mẹ́ta, kó sì tún wọn ohun tó bá ṣẹ́kù nínú abọ́.

Ọjọ́ mẹ́ta nínú ilé ìdáná

Kí n tó sọ ohun tó kọ wá, ó yẹ kí n sọ ohun tí mo ń wá. Mo ń wá iye kálórì tó wà nínú gíráàmù kọ̀ọ̀kan oúnjẹ wọn, ìyẹn bí oúnjẹ náà ṣe ki ní agbára tó. Gíráàmù ọ̀rá kan ní kálórì 9. Ítáàṣì, ṣúgà àti purotéènì ní kálórì 4 ní gíráàmù kan. Omi kò ní rárá. Omi àti ọ̀rá ló sì ń darí ọ̀pọ̀lọpọ̀ nǹkan nínú oúnjẹ: bí omi bá pọ̀, abọ́ á kún ṣùgbọ́n agbára inú rẹ̀ á kéré; bí òróró bá pọ̀, abọ́ kékeré á ru agbára oúnjẹ ńlá. Ojú kò lè fi ìyàtọ̀ yẹn hàn ọ́. Ikùn pàápàá kì í tètè mọ̀ ọ́n, torí bí oúnjẹ ṣe gba àyè tó ló kọ́kọ́ ń kà.

Ti Àbúrò rèé. Ìyẹ̀fun ọkà gíráàmù 50 ni wọ́n ń pò sínú omi gbígbóná títí ó fi ń ṣàn bí omi, gbogbo rẹ̀ á di nǹkan bíi gíráàmù 450. Ìyẹ̀fun 50 yẹn ní kálórì bíi 180. Tí a bá pín in, kálórì 0.4 ló wà nínú gíráàmù kan. Ikùn ọmọ tó kéré báyìí máa ń gba nǹkan bíi gíráàmù 30 fún kílò kan ara rẹ̀, ìyẹn ni pé ti Àbúrò kò lè gbà ju 260 lọ lẹ́ẹ̀kan. Ó ń mu bíi 200. Kálórì 80 péré nìyẹn. Lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, ó di 240, pẹ̀lú ìrẹsì ṣíbí méjì mẹ́ta tí Ẹ̀gbọ́n ń fi sí i lẹ́nu. Ohun tí wọ́n ṣírò fún ọmọ láàárín oṣù 12 sí 23 tó ṣì ń mu ọmú ni pé kó rí kálórì bíi 550 lójúmọ́ nínú oúnjẹ mìíràn. Ọmọ náà ń mu ife ńlá tán lóòótọ́. Omi ló pọ̀ nínú ife náà.

Kí ló dé tí wọ́n ń pò ó kó ṣàn tó bẹ́ẹ̀? Ìyá ní èyí tó ki ti há a lọ́fun nígbà tó wà ní oṣù 7, ẹ̀rù sì ti ń ba àwọn láti ìgbà náà. Mi ò lè bá a wí. Ṣùgbọ́n ọmọ oṣù 14 kì í ṣe ọmọ oṣù 7.

Ti Ẹ̀gbọ́n nìyí, oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ kejì nínú ìwé náà: ìrẹsì gíráàmù 320, bíi kálórì 415, ọbẹ̀ gíráàmù 100, tí gíráàmù 20 nínú rẹ̀ jẹ́ òróró, bíi 210, adìyẹ díndín gíráàmù 60, bíi 150, ọtí ẹlẹ́rìndòdò ìgò kan, mìlílítà 330, bíi 140. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 915. Ọmọbìnrin ọjọ́ orí rẹ̀ ń fẹ́ nǹkan bíi 1,400 láti àárọ̀ dé alẹ́. Oúnjẹ alẹ́ nìkan ti kó ìdá méjì nínú mẹ́ta, bisikíìtì kò sì sí níbẹ̀. Ẹ tún wo ìgò yẹn: ṣúgà inú rẹ̀ tó gíráàmù 35. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2015 pé kí ṣúgà tí a ń fi kún oúnjẹ má kọjá ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára tí ènìyàn ń jẹ lójúmọ́. Ìdá kan nínú mẹ́wàá 1,400 jẹ́ 140. Ìgò kan ṣoṣo ti mu ti gbogbo ọjọ́ tán.

Àwo rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti àgbàlagbà ilé. Mo béèrè ìdí rẹ̀, ìyá ní àwo mẹ́fà ni wọ́n jọ ra, ìwọ̀n kan ni gbogbo wọn.

Ibi tí mo ti ṣì í

Mo fún wọn ní ìmọ̀ràn mẹ́ta lọ́jọ́ náà. Fún Àbúrò: ẹ fi oúnjẹ tó ń ṣàn sílẹ̀, ẹ máa run ìrẹsì àti ọbẹ̀ ilé pọ̀ fún un. Fún Ẹ̀gbọ́n: ẹ pín ohun tí ẹ ń bù fún un sí ìdajì, kí ẹ má sì ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò sílé. Fún ìkòkò: ẹ dín òróró ọbẹ̀ kù, ẹ fi ẹ̀fọ́ púpọ̀ sí i. Ó tẹ́ mi lọ́rùn. Mo ní kí wọ́n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Àbúrò wọn kílò 8.5. Ẹni tó bá ń wọn ọmọ lójoojúmọ́ mọ̀ pé gíráàmù 100 lè jẹ́ ìtọ̀ lásán, mi ò sì ní jáyà tó bá jẹ́ òun nìkan ni. Ṣùgbọ́n mo ṣí ìwé oúnjẹ wọn, mo sì rí i. Ìyá ti ṣe gbogbo ohun tí mo sọ. Ó run ìrẹsì mọ́ ọbẹ̀ fún ọmọ kékeré náà, àmọ́ ọbẹ̀ tí mo ní kí wọ́n dín òróró rẹ̀ kù ni, tí ẹ̀fọ́ àti omi ẹ̀fọ́ ti kún. Kó má baà há a lọ́fun, ó tún fi omi là á. Ọwọ́ òsì mi gba ohun tí ọwọ́ ọ̀tún mi fún ọmọ náà. Ìkòkò kan ni ilé náà ní, mo sì bá ìkòkò náà sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọmọ kan ló ń jẹ nínú rẹ̀.

Ti Ẹ̀gbọ́n burú lọ́nà mìíràn. Àwo rẹ̀ ti di gíráàmù 240, kálórì rẹ̀ kò ju 325 lọ. Ọmọ tí ikùn rẹ̀ ti mọ́ra pẹ̀lú gíráàmù 480 kò ní gbà bẹ́ẹ̀ lójijì. Ó ń sunkún nídìí tábìlì. Lálẹ́ ọjọ́ mẹ́rin nínú mẹ́rìnlá, wọ́n bá a nínú ilé ìdáná pẹ̀lú búrẹ́dì àti ṣúgà. Bí mo bá ro búrẹ́dì mọ́ ọn, kò sí ohun tó dín kù bí kò ṣe àlàáfíà ilé.

Ìgbà yẹn ni mo tó gbọ́ pé kì í ṣe ìyá ló ń bu oúnjẹ alẹ́. Ìyá rẹ̀, ìyẹn ìyá àgbà, ló ń bù ú, torí iṣẹ́ kì í jẹ́ kí ìyá tètè dé. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń gba ẹni tí kò mú ìgbakọ lọ́wọ́ nímọ̀ràn. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí ìyá àgbà bá wọn wá nígbà tó ń bọ̀.

Ìyá àgbà

Wọ́n wá. Wọn kò fi ọ̀rọ̀ bò: "Ọmọ mọ ìwọ̀n ara rẹ̀, Nọ́ọ̀sì. Èmi tọ́ márùn-ún, mi ò wọn oúnjẹ kankan." Mo ní, "Òótọ́ lẹ sọ, Mà. Ṣùgbọ́n ó ní ọjọ́ orí tí ọ̀rọ̀ yẹn mọ." Mo wá sọ fún wọn nípa ohun tí àwọn olùwádìí Barbara Rolls, Leann Birch àti ẹnì kẹta wọn ṣe ní Yunifásítì Penn State ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2000. Wọ́n fún àwọn ọmọ kan ní oúnjẹ kan náà ní ìwọ̀n kékeré, àárín àti ńlá. Àwọn ọmọ ọdún 3 jẹ bákan náà, ohun yòówù kí wọ́n bù fún wọn. Àwọn ọmọ ọdún 5 ń jẹ púpọ̀ sí i bí oúnjẹ ṣe ń pọ̀ sí i nínú àwo. Láàárín ọdún méjì yẹn, ojú ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba iṣẹ́ ikùn ṣe. Ìyá àgbà dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ̀yin lẹ kọ́ wọn pé kí wọ́n jẹ àwo mọ́." Ìyá ni wọ́n ń wò. Ìyá sì ń wò wọ́n padà. Mi ò dá sí i.

Mo fẹ́ràn ìyókù ìtàn àwọn olùwádìí náà, torí òun ló fún wa ní ọ̀nà àbáyọ. Ní 2003, Jennifer Fisher pẹ̀lú Rolls àti Birch sọ ìwọ̀n oúnjẹ gidi tó wà nínú àwo àwọn ọmọ kékeré di méjì. Àwọn ọmọ náà jẹ ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún sí i nínú oúnjẹ yẹn. Kì í ṣe pé wọ́n bù ú jẹ lọ́pọ̀ ìgbà sí i. Òkèlè wọn ló tóbi sí i. Nígbà tí wọ́n wá jẹ́ kí àwọn ọmọ náà bù ú fúnra wọn, wọ́n jẹ ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwo ńlá. Ní 2007, wọ́n dán ìwọ̀n àti bí oúnjẹ ṣe ki wò pọ̀ lára àwọn ọmọ ọdún 5 àti 6. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fi tirẹ̀ kún agbára tí ọmọ ń jẹ, wọn kì í pa ara wọn rẹ́: àwo tó tóbi tó tún ki ló burú jù. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwo Ẹ̀gbọ́n rí. Èmi sì ti kọ́kọ́ dín ìwọ̀n àti kíki kù pọ̀ lọ́jọ́ kan, títí kan èyí tí ikùn ọmọ lè mọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ìkòkò náà lẹ́ẹ̀kejì

A tún un ṣe. Wọ́n á se ọbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀fọ́ rẹpẹtẹ, wọ́n á sì fi ṣíbí ńlá wọn òróró rẹ̀ dípò kí wọ́n máa tú u láti ẹnu ìgò. Bó bá jinná, wọ́n á bu ti Àbúrò sọ́tọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó bù ú. Inú abọ́ tirẹ̀ ni wọ́n á ti da òróró ṣíbí kékeré kan sí, nǹkan bíi kálórì 40, wọ́n á sì run ẹyin tàbí ẹran tí wọ́n gún mọ́ ọn. Wọn kò gbọdọ̀ fi omi là á mọ́; bó bá gbẹ jù, ọbẹ̀ ni wọ́n á fi rọ̀ ọ́. Ìyẹ̀fun ọkà òwúrọ̀ ṣì wà, àmọ́ ìyẹ̀fun 60 ló máa di 350 báyìí, kò ní jẹ́ 50 tó ń di 450 mọ́. Pẹ̀lú ṣíbí òróró kan, gíráàmù 200 rẹ̀ di bíi kálórì 160 dípò 80. Ṣíbí ni a fi ń dán an wò: bó bá dúró lórí ṣíbí tí a dà á dẹ̀gbẹ́ẹ́, tí kò ṣàn lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ó ti tó. Oúnjẹ mẹ́ta, pẹ̀lú èso rírọ̀ tàbí ìpápánu kan láàárín.

Ìyá béèrè bóyá kí àwọn fi ṣíbí méjì tàbí mẹ́ta sí i, kó lè tètè sanra. Mo kọ̀. Òróró ní agbára, ṣùgbọ́n kò ní purotéènì, kò ní irin, kò ní síńkì. Bí ikùn kékeré bá ti kún fún un, ẹyin àti ẹran kò ní ráyè.

Fún Ẹ̀gbọ́n, a dá ìwúwo àwo rẹ̀ padà, a sì dín kíki rẹ̀ kù. Abọ́ kékeré kan di tirẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń bù ú, láti inú àwo tó wà lórí tábìlì, pẹ̀lú ṣíbí lásán, kì í ṣe ìgbakọ. Bí kò bá yó, ó lè tún bù. Kò sí "jẹ ẹ́ tán" mọ́ (ìyá àgbà ni ìyẹn nira fún jù). Kí ìrẹsì tó dé orí tábìlì, kárọ́ọ̀tì tútù tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ á ti wà níbẹ̀, nígbà tí ebi ṣì ń pa á. Èyí náà ní ìdí: nínú ìwádìí kan tí Rolls àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2010, nígbà tí wọ́n sọ kárọ́ọ̀tì tó ṣáájú oúnjẹ di 60 gíráàmù láti 30, àwọn ọmọ jẹ kárọ́ọ̀tì bí ìdajì sí i. Ìwọ̀n ńlá tó ń kó bá wọn nínú ìrẹsì ń ṣe wọ́n lóore nínú ẹ̀fọ́.

Àwo alẹ́ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹfà rí báyìí: ìrẹsì 180, ọbẹ̀ ẹlẹ́fọ̀ọ́ 150, adìyẹ bíbọ̀ 60, kárọ́ọ̀tì 60, ọsàn 100, omi. Gíráàmù 550 lápapọ̀, kálórì bíi 510. Tẹ́lẹ̀, gíráàmù 480 oúnjẹ rẹ̀ ní bíi 775, láìka ìgò mọ́ ọn. Oúnjẹ rẹ̀ wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kò sì sí búrẹ́dì òru mọ́.

Ohun kan tí mo bẹ̀ wọ́n fún ni pé kí ẹnikẹ́ni má sọ ọ̀rọ̀ sísanra létí ọmọ náà, kí wọ́n má sì máa yìn ín torí ó jẹ díẹ̀. Mi ò wá kó rù. Ọmọ tó ń ga lè dúró sójú kan ní kílò, kí gíga rẹ̀ máa bá a.

Oṣù mẹ́ta, oṣù mẹ́fà

Àbúrò wọn kílò 9.3 nígbà tó pé oṣù 17. Ó ṣì wà nísàlẹ̀ ìlà kìíní, àmọ́ ìlà tirẹ̀ ti dìde, ó sì ń gòkè díẹ̀ ju bí ìlà inú àtẹ ṣe ń gòkè lọ. Ó ṣàìsàn fún ọ̀sẹ̀ kan láàárín, kò jẹun. Lẹ́yìn rẹ̀ wọ́n fi oúnjẹ kan kún tirẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ìyá àgbà ló rántí.

Ní oṣù kẹfà, Ẹ̀gbọ́n ga sẹ̀ǹtímítà 120, ó wọn kílò 26.3. BMI rẹ̀ ti bọ́ sí bíi 18.3. Ó ṣì kọjá ìlà 17, mi ò sì purọ́ fún ìyá pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ọjọ́ ìsinmi ló ṣì ń yọ wọ́n lẹ́nu, torí gbogbo ilé tí wọ́n bá yà sí ní ìgò tútù àti àwo ńlá. A kò ṣòfin kankan lórí ìyẹn. Abọ́ rẹ̀ kékeré ló ń gbé kiri báyìí, òun fúnra rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó ní abọ́ òun nìyẹn.

Ó tún bi mí ní ìbéèrè kan kí wọ́n tó lọ: kí ló dé tí Àbúrò ní ṣíbí òróró, tí òun kò ní? Mo ní torí ikùn rẹ̀ kéré ni, bí ìkúnwọ́ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó wo ọwọ́ Àbúrò, ó wo tirẹ̀, ó ní, "Tó bá dàgbà ńkọ́?" Mo kọ ìyẹn náà sínú ìwé, pẹ̀lú oṣù tí Àbúrò máa pé ọdún 2. Ọjọ́ náà ni a ó tún wọn ṣíbí yẹn wò.